Adé Tí Erin Fi Jẹ Etu

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó bá Etu lábẹ́ adé. Erin ló gbé e lé e lórí pé kó lọ jọba lórí àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ba Etu, kò lè kọ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́, ọba tuntun á dárin, ará ìlú á gbè é. Etu dá a:

"Ta ló fi mí joyè o?"

Ìlú pa lọ́lọ́. Erin nìkan ló gbè é láti òdìkejì odò:

"Èmi ni, tere nà!"

Ojú ti Etu. Ó ṣí adé, ó tún dárin:

"Ṣé mo lè jókòó o?"

Gbogbo ìlú gbè é:

"Jókòó, àlejò wa, tere nà!"

Ìyá àgbà Ọ̀kẹ́rẹ́ fún un lóbì. Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ Erin ladé wà, àmọ́ ẹnu wa loyè wà."