Páúdà Tó Ń Gbé Òórùn Mì

"Ẹ ṣí i!" ni máníjà wí.

Ẹnjiníà obìnrin náà ṣí ike tí wọ́n kó irú wóró àti páúdà sí láti àná. Sàfúrátù, tó ń bójú tó táǹkì ńlá tí wọ́n fi ń se páúdà náà, ló kọ́kọ́ ki imú bọ̀ ọ́.

"Mi ò gbọ́ òórùn kankan o!"

Ariwo sọ nílé iṣẹ́ wọn n'Ísọlọ̀. Páúdà yẹn ní ihò tí ojú ò lè rí, òórùn tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Tí wọ́n bá sè é nínú ìkòkò kékeré, á dáa. Inú táǹkì ló ti máa ń bàjẹ́, àfi ti àná yìí.

Kálukú ń pe ará ilé rẹ̀ lórí fóònù. Ẹnjiníà ò rẹ́ni pè. Ó yọ́ wọ ọ́fíìsì, ó fa báàgì rẹ̀ sọ́dọ̀. Fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wà níbẹ̀. Kò fọ̀ ọ́ rí. Bí inú rẹ̀ bá dùn, bó bá bàjẹ́, yóò gbé e sí imú, òógùn àti ìpara ọkùnrin náà yóò sì kí i.

Ó fa síìpù. Àpò aṣọ kékeré tó bu páúdà táǹkì sí lánàá ló sùn sórí fìlà náà. Ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ó gbé fìlà sí imú. Ó tún gbé e sí i.

Sàfúrátù kanlẹ̀kùn. "Àǹtí, ẹ wá bá wa yọ̀! Ó mà ṣiṣẹ́ o!"

"Mo mọ̀," ni ó dáhùn, fìlà ṣì bò ó nímú. "Ó ṣiṣẹ́."