Owó Máṣíìnì Tí Kò Dé

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni aránṣọ ti rí máṣíìnì náà. Dúdú ni, ara rẹ̀ ń dán, ẹni tó ń tà á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ti ń ṣe òun bàìbàì, òun ò rí òwú fi bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Màmá Àgbà ló pe ara rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń pe aránṣọ ní "ọmọ mi", ó sì dín owó kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo lòun náà bẹ̀bẹ̀ fún: kí aránṣọ má wulẹ̀ gba ti báńkì, kó di owó sínú àpòòwé, kó jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ bíi lẹ́tà lásán, torí orúnkún ń dun òun, òun ò lè máa lọ tò nídìí káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ nítorí àtibuwọ́lùwé.

"Arúgbó ni," aránṣọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹni bí ìyá wa ni."

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Ọdún kẹta rèé tó ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn tí tẹ́tẹ́ ti gba ilé àti ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jáwọ́. Nígbà tí gbogbo ẹbí ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe, aránṣọ ló gbà á sílé, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún un. Wọn kì í sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ láàárín ara wọn. Yẹ̀yẹ́ ni ẹ̀gbọ́n máa ń fi í ṣe. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: torí pé aránṣọ tín-ín-rín, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, Kòṣeémì ló sọ ọ́. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ ka owó sínú àpòòwé, ó sì kọ ìlà méjì sórí ìwé pélébé kan. Ẹ̀gbọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìlà kẹta sí i nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba lẹ́tà mi jẹ́."

"Mo fẹ́ kí màmá yẹn rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí ni."

Aránṣọ kà á, òun náà rẹ́rìn-ín, ó lẹ àpòòwé pa. Ẹ̀gbọ́n mú un dání nígbà tó ń lọ ra ìṣó.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Màmá Àgbà ní òun ò rí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Aránṣọ ń wọn apá oníbàárà kan lọ́wọ́, ló bá fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Ohùn náà rọ̀ bí òwú. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí òwú sí bọ́bìnnì máṣíìnì yẹn, kí òun má baà gbàgbé, lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, kò sóhun tó dé o. Mi ò ní kó o fura sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ta ló bá ẹ jù ú sínú àpótí? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Máṣíìnì rẹ ṣì wà níbí, mi ò tíì tà á fún ẹlòmíì. Ṣara gírí, Kòṣeémì, èyí náà á kọjá."

Nínú gbogbo rẹ̀, kòkòrò àti ẹ̀fọ́ nìkan ló dúró sí aránṣọ lọ́kàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ju lẹ́tà yẹn sínú àpótí?"

"Mo jù ú síbẹ̀."

"Inú àpótí gan-an?"

"Àpótí pupa iwájú ilé ìwé. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ nígbà tó bọ́ sísàlẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún bi í. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ yà sídìí tẹ́tẹ́, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní bínú."

"O ti bínú ná," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ń bá pákó rẹ̀ lọ.

Nígbà tí aránṣọ fi ti ọjà dé lọ́jọ́ kẹta, yàrá ẹ̀yìn ti ṣófo. Ayùn, òòlù, àpótí irinṣẹ́, kò sí ọ̀kan níbẹ̀ mọ́. Owó máṣíìnì pé géérégé lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lórí rẹ̀. Ó pe àǹtí wọn, ó sì ròyìn.

"Ẹni tí kò jí i, kí ló ń san?" ni àǹtí bi í.

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ wọra, ìtìjú sì tún mú un, torí òun ló ṣe onídùúró. Ó pe fóònù ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Kò tún un pè.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé owó lọ sídìí káńtà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni máṣíìnì dé. Ó dáa ju bó ṣe rí nínú àwòrán lọ.

Ó gbé e kalẹ̀ lójú fèrèsé. Bọ́bìnnì ò fẹ́ yí, ló bá wá ohùn Màmá Àgbà jáde lórí fóònù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣe bí ohùn náà ṣe ní kó ṣe é. Òwú mú. Ohùn náà ń bá tiẹ̀ lọ: kò sóhun tó dé, kòkòrò, ẹ̀fọ́, ṣara gírí, Kòṣeémì. Ọwọ́ aránṣọ dúró lórí àgbá máṣíìnì.

Aránṣọ lásán ló ń jẹ́ fún Màmá Àgbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti kọ orúkọ kejì yẹn sílẹ̀ rí ni ìlà kẹta nínú lẹ́tà tí kò dé, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ ọ́ pé, "Màmá, Kòṣeémì ni kẹ́ ẹ máa pè é."