Fèrè Kólẹ̀kólẹ̀

Fèrè dún, bàbá onílé sì gbá àpò ìdọ̀tí mẹ́ta mọ́ra, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ni kólẹ̀kólẹ̀ ò ti yọjú sí àdúgbò wọn ní Kathmandu, àwọn àna tuntun sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. Gbogbo ẹjọ́ tó rò ní ọ́fíìsì àwọn kólẹ̀kólẹ̀, èsì kan náà ni: "Ẹ máa retí fèrè. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, ó ti lọ nìyẹn."

Kò sí ọkọ̀ ìdọ̀tí níta. Sanumaya, ayálégbé rẹ̀, yọjú. "Ẹ má bínú, bàbá. Ooru tó ń tú jáde lórí ìkòkò ẹ̀wà mi ló ń fọn fèrè."

"Ìkòkò rẹ á pa mí!"

Ó kó àwọn àpò náà gòkè padà. Bó ṣe jókòó, fèrè tún dún.

"Sanumaya! Sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀!"

"Ìkòkò wo, bàbá? A ti ń jẹun."

Ìgbà tó fi dé ojú fèrèsé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí ló rí, àwọn àna sì ń dímú bọ̀.