Àpótí Oògùn Ọlátóún

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ẹsẹ̀ òsì Ọlátóún ti ń ta á, bí ẹni pé wọ́n da ata sínú iṣan rẹ̀. Ó rọra dìde, ó ki ìka bọ ẹ̀rọ àpótí oògùn ara ògiri, àpótí náà sì tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ni àpótí wí. "Oògùn ìrora yìí ti ń ba kíndìnrín yín jẹ́. Òfin ní kí ará ilé yín gbà kí n tó fún yín."

Ajíbóyè, ọkọ rẹ̀, ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló máa ń gbà.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ dá a lóhùn."

"Mi ò gbà." Ajíbóyè mi orí. "Mi ò lè fi ẹnu ara mi pa ọ́."

Àpótí pa iná rẹ̀. Ọlátóún jókòó, ó sunkún. Ẹ̀rù oògùn náà ti ń ba òun pàápàá tipẹ́, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, tó fi aṣọ gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, Ọlátóún kò wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fa ẹsẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.