Ìpín Ọ̀bọ Nínú Kajú

Àlọ́ mi já bọ́ látorí igi, ó bà lé Ọ̀bọ lẹ́nu.

Ọ̀bọ ní, "Gbogbo mọ̀lẹ́bí máńgòrò pátá ni mo mọ̀. Èso tí yóò fi adùn pamọ́ fún mi, wọn ò tíì gbìn ín."

Igi kajú kan, ìbátan máńgòrò, so èso tó pọ́n lẹ́bàá odò, òórùn rẹ̀ gba igbó kan. Òkété ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa jẹ ara rẹ̀, ẹ ṣáà bá mi yọ kóró ìdí rẹ̀ sílẹ̀." Ọ̀bọ jẹ ẹ́ títí omi rẹ̀ fi ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára kóró tí Òkété ń kó jọ. Adùn ẹnu rẹ̀ bá di omi lásán. Ó ní nínú ara rẹ̀, "Ta ló ń fi irú èyí tọrẹ, bí kò bá ní èyí tó dùn jù ú lọ lọ́wọ́?"

Òkété ń lọ ṣẹ́gi tí yóò fi yan kóró, ó ń kọrin, àwọn ẹyẹ ń gbè é:

"Ẹ má tíì bù ú jẹ o,
*Iná ò tíì rí i.*
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù,
*Iná ò tíì rí i.*"

Ọ̀bọ ní, "Orin ahun tí ò fẹ́ fún ni jẹ!" Ó mú kóró tútù kan, ó fi eyín fọ́ ọ.

Nígbà tí Òkété dé, tó yan kóró tán, ó pín in sí méjì. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín rèé."

Oje kóró tútù ti bó Ọ̀bọ lẹ́nu, ètè rẹ̀ wú ju kajú lọ. Ó mi orí, ó rọra kọjú sódò, ó ti ẹnu bọ omi.

"Áà, ẹ ti yó nìyẹn," ni Òkété wí, ó bá kó ìpín méjèèjì jẹ.