Ojú Ìwé Ọpẹ́ Tó Sọ Ìyá Di Olóògbé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ má fojú fò ó bí ẹ ṣe máa ń fojú fo iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Inú ń bí mi ni!

1. Kíá-ń-Kíá làwọn ọ̀rẹ́ ń pe ọmọkùnrin kan ní yunifásítì. Gbólóhùn rẹ̀ kan á gùn títí, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń kà á. Ohun tó sọ lókè, á tún un sọ nísàlẹ̀. Bírò pupa sú olùkọ́ rẹ̀.

"Máa ka iṣẹ́ rẹ sókè kó o tó gbé e wá. Etí á gbọ́ ohun tójú fò."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà." Irọ́ ni!

2. Opó ni ìyá rẹ̀. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló ń lọ̀ tó fi ń rán an níléèwé.

"Ọkọ mi, ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ sí mi létí."

"Ìyá mi, kí lẹ máa gbọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ráyè jàre!"

Ráyè ṣe kí ni? Ráyè sùn ni! Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ka ojú ìwé ọpẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn òbí kó tó gbèjà iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò. Kíá-ń-Kíá ò kọ tiẹ̀. Ó da ti ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde kọ látòkè délẹ̀, ó yí orúkọ padà, kò sì tún un wò.

3. Lọ́jọ́ ìgbèjà, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú bàtà tuntun. Ọmọ ń kàwé lọ fàà:

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó ti dolóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere..."

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kójú rẹ̀ tó rí i. Ìyá ẹ̀gbọ́n yẹn ló kú.

"Èmi?" Ìyá dìde. "Ṣé òkú ló ń lọ aṣọ tó o fi ń jẹun? Mo ní kó o kà á sí mi létí!"

Àwọn olùyẹ̀wò tú ìyókù wò, wọ́n rí i pé ó jí ibòmíràn náà kọ. "Gbé e lọ. Ó dọdún tó ń bọ̀." Ọdún kan sí i nídìí áyọ́ọ̀nù fún ìyá nìyẹn.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Ìyá ti ń jáde lọ, kò wẹ̀yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn gígùn ṣeé gé, àsọtúnsọ ṣeé pa rẹ́. Kí lo máa fi pa èyí rẹ́ lọ́kàn ìyá? Kọ tìrẹ! Kà á sókè kó o tó fi sílẹ̀! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.