Ohun Tí Ilé Búrẹ́dì Àjàdí Fi Ta Yọ

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2071, Morádékẹ́, ìyàwó Àjàdí oníbúrẹ́dì, kú. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀rọ ìjọba wá wọn ilé búrẹ́dì wọn, nítorí ilé iṣẹ́ tí kò bá ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, títì ni.

"Bàbá, nínú ààrò àti ìyẹ̀fun yín, èwo ló ń fa oníbàárà wá?"

"Ìyẹ̀fun."

"Nínú ìyẹ̀fun àti àpárá tí ìyá máa ń dá ńkọ́?"

Àjàdí mí kanlẹ̀. "Àpárá ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyá ti lọ, a ó tì í nìyẹn."

Gbádérò, oníbàárà wọn, yọjú. Àjàdí tí kì í ṣàwàdà wò ó. "Olórí bí búrẹ́dì tí kò wú, kí lo fẹ́ rà?"

Gbádérò bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ẹnu ìyá mà nìyí! Ẹ fún mi ní méjì."

"Ẹ má tì í mọ́, bàbá," ni ẹ̀rọ wí.

Ohun tí Morádékẹ́ fi sílẹ̀: ààrò kan, ìborùn mẹ́ta, ọkọ tó le bí òkúta, àti àpárá.